Ẹ Tẹ̀ Ẹ́, Màámi

Ìsìnkú kan ló gbé èmi àti Màámi lọ sí Àràmọ̀kọ lóṣù Ògún ọdún tó kọjá. Nígbà tí a ń padà sí Ìbàdàn lọ́jọ́ kejì, a gba Ẹ̀fọ̀n-Aláayè jáde. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn mọ̀ pé àárín òkè ni Ẹ̀fọ̀n wà, àti pé bí èèyàn bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, kọ́nà lórí kọ́nà ni. Tírélà kan tó ru pákó wà níwájú wa. Mi ò lè yà á sílẹ̀, torí náà ni mo ṣe ń tẹ bíréèkì, tí mò ń tú u sílẹ̀, tí mo tún ń tẹ̀ ẹ́. Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nìyẹn fún ìgbà pípẹ́.

Ní kọ́nà kan, mo tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ mi sì bá a lọ. Kò le sí mi lẹ́sẹ̀ bó ṣe máa ń le. Ó rọ̀ bí ìgbà téèyàn tẹ kànrìnkàn tó ti mu omi yó. Pẹ́dà ń lọ sísàlẹ̀, mọ́tò ń lọ ní tiẹ̀, ẹ̀yìn tírélà sì ń tóbi sí i lójú mi. Mo tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, wéréwéré, ó gbé díẹ̀. Mo fa jíà kúrò ní D bọ́ sí 2, ẹ́ńjìnnì han, ara mọ́tò rọ̀ díẹ̀. Mo fà á dé L. Mo wá ń fa bíréèkì ọwọ́ díẹ̀díẹ̀, mi ò jẹ́ kó gan. Màámi tó jókòó sẹ́yìn kò pariwo. Oríkì mi nìkan ló ń pè: "Àjọkẹ́. Àjọkẹ́. Àjọkẹ́ o."

Ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú la dúró sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn obìnrin tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀. Òórùn irin gbígbóná ń bọ̀ láti ara táyà. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé Màámi ló bá mi ṣí ọ̀rá omi. A jókòó níbẹ̀ tó ogójì ìṣẹ́jú. Nígbà tí mo wọlé padà tí mo tẹ bíréèkì, ó le gbagidi, bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ìyẹn gan-an ló tún bà mí lẹ́rù jù.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, mo gbé e lọ bá mẹkáníìkì. Ó wà á yí àdúgbò ká, ó tẹ bíréèkì lójijì níbi mẹ́ta, mọ́tò dúró gbọin. Ó ní òun ò rí nǹkan kan. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wo ike kékeré tí ọ́ìlì bíréèkì wà, ó ní, "Àǹtí, ọ́ìlì ẹ̀ ló lọ sílẹ̀." Ó nawọ́ mú ike kan tí ìdérí rẹ̀ ti sọnù, tí wọ́n fi àkísà dí lẹ́nu, ó bu díẹ̀ sí i, ó dé e padà. Mo sanwó, mo dúpẹ́, mo gbé mọ́tò mi lọ. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mi ò tíì sùn tí mò ń rò ó pé kí ló dé tí nǹkan tó fẹ́ pa wá lórí òkè fi sá lọ nígbà tí a dé ilẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ èyí ni pé fífi ọ́ìlì bíréèkì kún un kì í ṣe pípààrọ̀ rẹ̀. Gbogbo wa la mọ ìgbà tí a pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì gbẹ̀yìn. Àwọn mìíràn kọ ọ́ sórí páálí, wọ́n so ó mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì bíréèkì, bó bá ti ń hàn nínú ike, a gbà pé ó wà, a sì gbà pé èyí tó wà ni èyí tó dára. Corolla 2005 ni mọ́tò mi, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, ó sì ti lo ọdún mẹ́fà lọ́wọ́ mi. Mi ò pààrọ̀ ọ́ìlì yẹn rí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun ló bá mọ́tò náà wọ ọkọ̀ ojú omi wá.

Ó dùn mí nítorí pé olùkọ́ físíìsì ni mí. Ọdọọdún ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìlànà Blaise Pascal, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó kú ní 1662: ipá tí a bá fi tẹ omi tí a sé mọ́ inú nǹkan, ibi gbogbo nínú omi náà ló ń dé lọ́gbọọgba. Sírínjì méjì tí a so pọ̀ mọ́ rọ́bà kan ni mo fi ń kọ́ wọn. A ó rọ omi kún un, ọmọ kan á ti èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, sírínjì kejì á dìde lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ̀, gbogbo kíláàsì á hó yèè. Ṣùgbọ́n bí éà bá ṣẹ́kù nínú rọ́bà, ọmọ náà á tì í títí, éà yẹn lá kàn máa fún mọ́ra, sírínjì kejì á dúró bí ẹni tí kò gbọ́. Omi kì í fún mọ́ra. Éà ló ń fún mọ́ra. Bíréèkì mọ́tò kò ju èyí lọ. Malcolm Loughead ló gba ìwé àṣẹ lórí bíréèkì olómi l'Amẹ́ríkà ní 1917, nígbà tó sì di 1921, ilé iṣẹ́ Duesenberg ti ń ta ọkọ̀ tó ní i ní táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Láti ìgbà náà títí di òní, ẹsẹ̀ tó tẹ pẹ́dà ń ti omi, omi ń ti pádì, pádì ń di irin ìdí táyà mú. Èmi tí mò ń bá àwọn ọmọ wí pé wọn ò lé éà jáde dáadáa, inú ohun tí mo fi ń kọ́ wọn ni mo jókòó sí lórí òkè Ẹ̀fọ̀n, tí n kò sì dá a mọ̀.

Ibo wá ni éà ti wọlé, nígbà tí kò sí ibi tó ń jò? Ọ́ìlì bíréèkì kì í ṣe ọ́ìlì rárá, orúkọ la fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Èyí tí ọ̀pọ̀ mọ́tò wa ń lò kò ní epo rọ̀bì nínú. Oríṣi ohun olómi kan tí wọ́n ń pè ní glycol ether ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ohun náà sì fẹ́ràn omi. Ó ń fa ọ̀rinrin láti inú afẹ́fẹ́, láti ihò kékeré ara ìdérí, àní láti ara rọ́bà bíréèkì fúnra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, lọ́sàn-án lóru, yálà o wa mọ́tò tàbí o gbé e jókòó. Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún Màámi, mo rò pé yóò gba àkókò. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí Màámi ti ń ta ẹlùbọ́ l'ọ́jà Bódìjà. Kò tiẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀.

"Ẹlùbọ́ ni," ó ní. "Bí o bá ṣí àpò ẹlùbọ́ sílẹ̀ lóṣù Agẹmọ, o ò ní fojú rí omi kankan nínú ẹ̀. Ọwọ́ ló máa mọ̀ ọ́n."

Mi ò rí ìwé físíìsì kankan tó sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Lórí òṣùwọ̀n ìjọba Amẹ́ríkà, níbi tí lẹ́tà DOT (Department of Transportation, ilé iṣẹ́ ìrìnnà wọn) ti wá, ọ́ìlì DOT 3 tuntun kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé 205°C. Bí omi bá ti wọ̀ ọ́ dé nǹkan bí 3.7 nínú ọgọ́rùn-ún, òṣùwọ̀n kan náà gbà kó hó ní 140°C. DOT 4 bẹ̀rẹ̀ láti 230°C, tirẹ̀ náà sì lè wálẹ̀ dé 155°C. Ṣé ẹ rí bí omi díẹ̀ ṣe lè já ọ́ìlì odindi wálẹ̀? Bí èèyàn bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè tó ń tẹ bíréèkì ṣáá, pádì ń gbóná kọjá ìwọ̀n yẹn dáadáa, ooru náà sì ń gba inú písítìn, irin tó ń ti pádì, wọ inú ọ́ìlì. Ọ́ìlì tó ti gbó á hó, á di èéfín. Èéfín ń fún mọ́ra bí éà. Ẹsẹ̀ á máa tẹ èéfín, táyà ò ní gbọ́. Bí mọ́tò bá dúró tó tutù, èéfín á tún di omi padà, pẹ́dà á le. Ìdí nìyẹn tí mẹkáníìkì kò fi rí nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un, nítorí ó ń dùn mí lọ́kàn. Bí ọ́ìlì bíréèkì bá lọ sílẹ̀ nínú ike tí kò sì sí ibi tó ń jò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé pádì ló ti jẹ. Bí pádì bá ṣe ń tín-ín-rín ni písítìn ń jáde sí i, ọ́ìlì á sì lọ dí àyè ẹ̀yìn rẹ̀. Ike tó lọ sílẹ̀ ń sọ̀rọ̀, ó ń ní kí wọ́n wá wo pádì. Ẹni tó kàn bu ọ́ìlì kún un ti pa á lẹ́nu mọ́.

Mo wá lọ ka ìwé tó bá mọ́tò náà wá. Mo tún wo ìdérí ike náà dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ gbàgàdà: kí wọ́n nu ìdérí kí wọ́n tó ṣí i, kí wọ́n lo DOT 3 nìkan, kó sì jẹ́ láti inú ike tí wọn kò tíì ṣí. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Mo ra líta kan ní Ararọ̀mí, ní Géètì, ike méjì onílíta ààbọ̀-ààbọ̀, mo sì wo bébà tó bo ẹnu wọn pé kò tíì já. Ní kẹ́míìsì, mo ra sírínjì ńlá kan, mo tún ra rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó mọ́ gaara, irú èyí tí wọ́n fi ń fa omi sí aláìsàn lára. Mo yá sítáǹdì irin méjì lọ́wọ́ fọ́kànáísà tó wà lójú títì wa. Sípánà 8 àti 10 wà nílé. Ríìngì ni mo mú, mi ò mú fúláàtì, torí pé fúláàtì máa ń jẹ etí nọ́ọ̀tì kékeré. Ó wá ku ẹni tí yóò tẹ pẹ́dà. Àwọn ọmọ ti padà sí ilé ìwé. Màámi ní, "Ṣé kí n jókòó kí n máa tẹ̀ ẹ́ náà ni? Ìyẹn ò le."

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo fi igi há àwọn táyà tó wà nílẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, mo fi jáàkì gbé ẹ̀yìn ọ̀tún, mo gbé sítáǹdì sábẹ́ rẹ̀. Táyà tí mo tú, mo tì í sábẹ́ ara mọ́tò, kó lè gbà á bí ohunkóhun bá yẹ̀. Èmi kì í gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì nìkan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin náà ẹ má ṣe é. Mo nu ìdérí ike, mo fi sírínjì fa ọ́ìlì àtijọ́ tó wà nínú rẹ̀ jáde, mo da tuntun sí i. Èyí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń parí ẹ̀ sí náà nìyẹn, àbọ̀ iṣẹ́ ni. Ọ́ìlì tó wà nínú ike kọ́ ló ń gbóná, èyí tó wà nídìí táyà lọ́hùn-ún ni.

Bóòtù kékeré kan wà lẹ́yìn táyà kọ̀ọ̀kan tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní bíléédà. Ibẹ̀ ni ọ́ìlì àtijọ́ ń gbà jáde. Lórí mọ́tò tèmi, èyí tó jìnnà jù sí ike ni mo fi bẹ̀rẹ̀: ẹ̀yìn ọ̀tún, lẹ́yìn náà ẹ̀yìn òsì, iwájú ọ̀tún, iwájú òsì. Mọ́tò mìíràn ní ìlànà tirẹ̀, ìwé rẹ̀ ló máa sọ ọ́. Mo kì rọ́bà bọ ẹnu bíléédà, mo ki ẹnu kejì bọ inú ìgò tí mo da ọ́ìlì tuntun díẹ̀ sí, kí éà má baà gba ibẹ̀ padà.

Màámi bọ́ sálúbàtà. Ó ká ìró rẹ̀ dáadáa, ó jókòó ní ìjókòó awakọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ọwọ́ méjèèjì lórí sítíárìn bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ò lọ ibì kankan. Mo gbé pákó kékeré kan sábẹ́ pẹ́dà kó má baà kanlẹ̀. Nínú mọ́tò tó ti dàgbà, bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀, rọ́bà inú sílíńdà ìdí pẹ́dà lè wọ ibi tó ti dípẹtà, kó sì ya.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, Màámi, lẹ́yìn náà kí ẹ dì í mú."

"Mo ti tẹ̀ ẹ́, Àjọkẹ́."

"Ṣé ẹ dì í mú?"

"Mo dì í mú."

Mo yí sípánà díẹ̀. Ohun kan ṣàn wọ inú rọ́bà, ó dúdú bí àgbo. Nǹkan lúbúlúbú bí erùpẹ̀ wà nínú rẹ̀. Mo ti bíléédà padà kí n tó ní kó gbẹ́sẹ̀, torí bó bá gbẹ́sẹ̀ nígbà tí ibẹ̀ ṣí sílẹ̀, éà ni yóò fà wọlé.

"Ẹ tú u sílẹ̀."

"Mo ti tú u."

Bẹ́ẹ̀ là ń bá a lọ. Mo pè é, ó gbè é. Nígbà tó di bí ìgbà kẹwàá, Màámi ti sọ ọ́ di orin, ó ń fi ohùn gbé e: "Mo ti tẹ̀ ẹ́ o, Àjọkẹ́, mo dì í mú." Mo ń dìde lẹ́yìn ìgbà márùn-ún márùn-ún lọ wo ike lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, kó má baà gbẹ. Bí ike yẹn bá gbẹ lẹ́nu iṣẹ́, éà á gba òkè wọlé, gbogbo rẹ̀ á di àtúnṣe. Mọ́tò tó ní ABS, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà gan bí a bá tẹ bíréèkì, tiẹ̀ le jùyẹn, torí pé éà tó bá wọ inú ẹ̀rọ rẹ̀ lè nílò kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó lé e jáde. Tèmi kò ní.

Lẹ́yìn náà ni dúdú náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ó di àwọ̀ tíì, ó di àwọ̀ oyin, lójijì ó mọ́, ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ bí òróró ẹ̀pà. Mo pe Màámi pé kó wá wò ó. Ó bọ́ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ wo inú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, ó wo ìgò, ó wo ojú mi. "Ìdọ̀tí yìí la gbé lọ sókè Ẹ̀fọ̀n?"

Bíléédà ẹ̀yìn òsì ti dípẹtà, kò gbọ́. Bóòtù yẹn kéré, ihò ló sì wà láàárín rẹ̀, bí èèyàn bá fi agbára yí i, á kán sínú. Mo fín òróró tó ń tú ìpẹtà sí i, mo fi òòlù gbá ìdí rẹ̀ jẹ́jẹ́jẹ́, a wọlé lọ jẹun. Nígbà tí a jáde, ó ṣí. Àwọn iwájú méjèèjì kò dá wa dúró. Ẹ̀kán ọ́ìlì kan já sára ọ̀dà mọ́tò, mo sáré da omi lé e, torí pé ó máa ń jẹ ọ̀dà.

Mo fi tíṣù nu ìdí bíléédà kọ̀ọ̀kan, mo tẹ pẹ́dà, mo tún lọ wo tíṣù bóyá ó tutù. Mo dé rọ́bà kékeré lé wọn lórí. Mo tẹ bíréèkì nígbà tí mọ́tò ṣì dúró, ó le, ó ga. Mo wà á nínú ọgbà lọ sẹ́yìn lọ síwájú bí ẹni tó ń kọ́ ọkọ̀ wíwà, kí n tó yọ ọ́ sí títì. Ìgò ọ́ìlì àtijọ́ wà lẹ́yìn ilé, mo dé e pa, mo kọ MÁJÈLÉ sí i lára, torí ọmọdé. Mi ò dà á sí gọ́tà, mi ò sì dà á pọ̀ mọ́ ọ́ìlì dúdú tí àwọn mẹkáníìkì ń tà, nítorí wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà.

Mo gbé ìgò náà lọ fi han mẹkáníìkì mi. Mi ò lọ bá a jà. Ó gbé e sókè sí oòrùn, ó mi orí. "Àǹtí, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí oníbàárà ra líta kan ọ́ìlì bíréèkì nígbà tí bíréèkì ẹ̀ ń mú, á ní mo fẹ́ jẹ òun lówó ni." Kò parọ́. Bó bá jẹ́ pé ó sọ ọ́ fún mi ní ọdún méjì sẹ́yìn, ohun tí èmi náà ì bá rò nìyẹn. Ní páàkì kan, mo ti fojú mi rí awakọ̀ tó po omi ọṣẹ sínú ike bíréèkì, tó sì kó èrò mẹ́rìnlá lọ. Ọgọ́rùn-ún péré ni omi fi ń hó. Ẹni tó bá sì da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i, rọ́bà inú rẹ̀ ni yóò wú tí yóò bàjẹ́ káàkiri. Àwọn èrò mẹ́rìnlá yẹn kò mọ̀, wọ́n ń ná owó ọkọ̀ ni.

Mo lẹ bébà kékeré mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo kọ ọjọ́ náà sí i, mo sì kọ ọdún méjì síwájú sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Lóṣù Ọ̀pẹ, a tún lọ sí Àràmọ̀kọ. Nígbà tí a ń bọ̀, Màámi ní iwájú lòun máa jókòó sí. Mo ti bọ́ sí jíà 2 kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ láti Ẹ̀fọ̀n, mi ò sì gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì ṣáá mọ́. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ tó mú, mo ń tú u sílẹ̀ kó sinmi. Kọ́nà kan dé, mo tẹ̀ ẹ́, ó le sí mi lẹ́sẹ̀. Mo ṣẹ́jú wo ẹ̀gbẹ́ mi. Màámi kò wo ojú ọ̀nà, ìtàkùn ara òkè ló ń wò. Ṣùgbọ́n ó ti bọ́ sálúbàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹsẹ̀ náà sì tẹ ilẹ̀ mọ́tò mọ́lẹ̀ ṣinṣin, ó dì í mú títí a fi yí kọ́nà náà tán.